KẸ̀KẸ́ BÀBÁ KÌ Í ṢE KÒǸDẸ́Ẹ̀MÙ! Bí ológeere àtijọ́ ṣe ń kúrò lẹ́yìnkùlé padà sójú títì

"Ẹ mú kòǹdẹ́ẹ̀mù wá o! Irin ńkọ́? Páànù ńkọ́? Bátìrì tó ti kú ńkọ́?"

Igbe tí wọ́n ń jí gbọ́ lójú títì Ẹdúnàbọ̀n nìyẹn, bí wọ́n ti ń gbọ́ ọ ní Ìpetumodù, ní Mòró, ní Yàkóyó àti káàkiri ilẹ̀ Origbó. Ọmọkùnrin tó ń ti ọmọlanke ló ń kígbe. Kò sí agbolé tí kì í yà. Bó bá bá arúgbó níwájú ilé, á dọ̀bálẹ̀ kí i dáadáa, àmọ́ ojú rẹ̀ á ti ṣáájú rẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé.

"Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Ẹ ò ní irin tẹ́ ẹ fẹ́ tà?"

"Irin wo ni n bá ní, ọmọ mi?"

"Èyí tó fara ti ògiri lẹ́bàá ilé ìdáná yẹn ńkọ́, Màmá? Ó ti dógùn-ún tán. Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e kúrò ńbẹ̀, kí ejò má baà sá sábẹ́ ẹ̀."

Ẹ dúró níbẹ̀ ná! Ohun tí ọmọ yẹn ń pè ní irin, kẹ̀kẹ́ ni. Kẹ̀kẹ́ ológeere tí olóògbé gùn lọ oko kòkó ní gbogbo ìgbà tára ẹ̀ le, tó fi gbé ìyàwó lọ ọjà, tó fi gbé ọmọ lọ síléèwé, òun ni ọmọlanke fẹ́ gbé lọ yìí. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ilé kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ilé ló ti ta tiẹ̀ báyẹn, tí ọmọ tó wà ní Èkó tàbí lókè òkun wá ń béèrè lọ́jọ́ kan pé, "Kẹ̀kẹ́ Bàbá dà?" tí kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn.

Ẹ wo bí ìṣirò rẹ̀ ṣe rí. Lórí òṣùwọ̀n, kẹ̀kẹ́ àgbà tó pé pérépéré kò ju nǹkan bí 20 kílò lọ. Bí tááyà, síìtì àti agogo rẹ̀ bá ti lọ, kò tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Owó 20 kílò irin ni wọ́n máa kà lé Màmá lọ́wọ́, owó náà á sì di gààrí àti epo kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Kẹ̀kẹ́ ní tiẹ̀ á dọ́dọ̀ àwọn tó ń yọ́ irin, á wọ iná, á sì jáde bí ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń dà dẹ́kìn. Ó parí nìyẹn. Ohun tó bá ti wọ ààrò irin, bàbá ńlá ẹni kò lè bẹ̀ ẹ́ kó padà wá.

Ṣé ó wá burú kéèyàn ta irin ni? Rárá o. Ọmọ tó ń ti ọmọlanke, iṣẹ́ òòjọ́ ẹ̀ ló ń ṣe, irin tó kó kúrò nílẹ̀ kò sì ní gún ọmọdé lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá máa ta nǹkan, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ ohun tó ń tà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

NÍGBÀ TÍ KẸ̀KẸ́ JẸ́ MỌ́TÒ

Ẹni tí kò bá ayé àwọn ọdún 1950 lè máa rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá sọ fún un pé kẹ̀kẹ́ ń fúnni níyì. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí. Nígbà náà, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó bíi UAC àti John Holt, bí wọ́n ti ń ra èso oko lọ́wọ́ àgbẹ̀ ni wọ́n tún ń ta ọjà ìlú òyìnbó fún un. Kẹ̀kẹ́ wà lára ọjà náà. Àgbẹ̀ á ta kòkó lọ́wọ́ ọ̀tún, á ra kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ òsì. Lọ́dún 1954 tí owó kòkó gòkè gan-an lágbàáyé, àgbẹ̀ ilẹ̀ Ifẹ̀ àti ti Origbó rí i jẹ, ilé onípáànù ń dìde, kẹ̀kẹ́ náà sì ń wọ̀lú.

Lóṣù January 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iléèwé pọ̀, tíṣà pọ̀. Tíṣà tó bá sì ti rí owó oṣù bíi mélòó kan kó jọ, kẹ̀kẹ́ ló ń wá. Tíṣà lórí kẹ̀kẹ́, ajíhìnrere lórí kẹ̀kẹ́, wolé-wolé lórí kẹ̀kẹ́, akọ̀wé kòkó lórí kẹ̀kẹ́! Bí wọ́n bá ń fẹ́ ìyàwó fún ọmọkùnrin kan, tí wọ́n bá ti lè sọ pé "ó ní kẹ̀kẹ́," ọ̀rọ̀ ti dé ibi tó dáa.

Kẹ̀kẹ́ nígbà náà kì í rìn láìní ìwé. Ó ní láísẹ́ńsì tí wọ́n ń gbà lọ́dọọdún, ẹni tí ò bá gbà á, tó bá kó sọ́wọ́ agbófinró, á ṣàlàyé. Ẹ má sì rò pé ayé òyìnbó lásán ni ọ̀rọ̀ yẹn wà. Ẹ ṣí ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, níbi tí wọ́n ti to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí. Ẹ ó rí i níbẹ̀ dòní pé ìjọba ìbílẹ̀ ló ni iṣẹ́ fífún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi àti ọmọlanke ní láísẹ́ńsì. Kẹ̀kẹ́ Bàbá àti ọmọlanke tó fẹ́ gbé e lọ, inú ìlà kan náà ni òfin kọ àwọn méjèèjì sí! Ìpetumodù níbẹ̀ sì ni oríkò Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ifẹ̀ tó ni Ẹdúnàbọ̀n wà.

Ẹ tún wo ohun tí kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo lè ti fojú rí. Bí wọ́n bá rà á lọ́dún 1956, apá òsì títì ni wọ́n ti kọ́kọ́ gùn ún, nítorí apá òsì ni gbogbo ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà títí di 2 April 1972 tí ìjọba ní kí wọ́n bọ́ sápá ọ̀tún. Sílè àti pọ́n-ùn ni wọ́n fi rà á. Ọdún 1973 ni náírà dé. Lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n ti rà á, ó bọ́ sábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ́dún 1976, ó sì di ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ́dún 1991. Kẹ̀kẹ́ kan náà, ìjọba lọ́tọ̀ọ̀tọ̀!

Kí ló wá lé e dé ẹ̀yìnkùlé? Ayé ló yí. Owó epo rọ̀bì dé, owó Udoji tẹ̀ lé e lọ́dún 1974 sí 1975, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ tẹ́lẹ̀ ra alùpùpù. Honda, Suzuki àti Yamaha gba títì. Nígbà tó yá, ọ̀kadà débi tí ẹsẹ̀ kì í dé, àwọn ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ti akúṣẹ̀ẹ́ ni. Bàbá fúnra ẹ̀ dàgbà, orúnkún ò gbà mọ́. Ó gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó ní òun á tún un ṣe bó bá dọ̀la. Ọ̀la yẹn ni wọ́n ń retí títí dòní.

KẸ̀KẸ́ Ń FẸNU ARA RẸ̀ SỌ ORÚKỌ

Ẹni tó bá rí kẹ̀kẹ́ àtijọ́, ì báà ṣe lẹ́yìnkùlé, ì báà ṣe lórí òkìtì irin, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó ṣe ni kó bi kẹ̀kẹ́ náà léèrè pé, "Ọmọ ta ni ọ́?" Kẹ̀kẹ́ á dá a lóhùn. Bí ọ̀dà ti lọ, bí orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára ti pa rẹ́, ẹ wo irin róbótó elẹ́yìn níbi tí ẹsẹ̀ ti ń yí i, èyí tí ṣéènì kọ́ mọ́. Àmì ìdílé wà lára ẹ̀.

Bí ẹ bá rí orí ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn mẹ́ta tí wọ́n gé sínú irin náà, Raleigh ni. Ẹyẹ yẹn kan náà ló wà lára páànù kékeré tó wà níwájú kẹ̀kẹ́, lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ àtẹ́lẹwọ́ èèyàn lẹ rí, Rudge ni. Bó bá jẹ́ àwọn èèyàn kéékèèké márùn-ún tó ń sáré yí po, Humber ni, ẹ ó sì tún rí i pé ọ̀pá tó di táyà iwájú mú jẹ́ méjì-méjì. Bó bá jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta, B, S àti A, ẹ ti mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Àwọn tí wọ́n dà bí ọ̀tá lọ́jà yìí, nígbà tó yá, ilé kan náà ni gbogbo wọn já sí. Òpópónà kan tó ń jẹ́ Raleigh ní ìlú Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni iṣẹ́ Raleigh ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1887, kí ọkùnrin oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Frank Bowden tó sọ ọ́ di ńlá. Ilé iṣẹ́ náà ra Humber lọ́dún 1932, ó ra Rudge lọ́dún 1943, ó sì gba ẹ̀ka kẹ̀kẹ́ BSA lọ́dún 1957. Nítorí náà, Rudge tí Bàbá kan rà lọ́dún 1955 àti Raleigh tí aládùúgbò ẹ̀ rà, tí wọ́n fi ń bára wọn jiyàn lábẹ́ igi nípa èyí tó dáa jù, ọmọ ìyá ni wọ́n! Lọ́dún 2002 ni wọ́n dẹ́kun àtimáa to kẹ̀kẹ́ ní Nottingham. Ilé tí wọ́n bí wọn sí ti pa, àwọn ọmọ ló kù káàkiri ayé.

Ọjọ́ orí ńkọ́? Bí kẹ̀kẹ́ náà bá jẹ́ èyí tó ní jíà mẹ́ta nínú ikùn táyà ẹ̀yìn, ẹ fi àkísà àti kẹrosíìnì nu irin róbótó tó wà láàrin táyà náà. Ẹ ó rí orúkọ Sturmey-Archer, ẹ ó sì sábà rí nọ́ńbà kékeré níbẹ̀. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ 58, ọdún 1958 ni wọ́n ṣe é. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ìlú wa kò ní jíà, ṣùgbọ́n gbogbo kẹ̀kẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ lára fírémù, lẹ́bàá ibi tí ọ̀pá síìtì ti wọlé lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ẹ̀ nìyẹn.

IBI TÍ WỌ́N TI Ń RÍ I, ÀTI ẸNI TÓ NI Í

Ọ̀nà mẹ́ta ni kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ń gbà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń wá a. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀yìnkùlé àti àká. Ìkejì ni òkìtì àwọn tó ń ra irin kòǹdẹ́ẹ̀mù, níbi tó ti wà láàrin ẹ́ńjìnnì tó ti kú àti ìkòkò tó ti lu. Ìkẹta ni ìsọ̀ àwọn tó ń ta ọjà tòkunbọ̀. Nínú kọ̀ntéínà tó ń kó fíríìjì àti bẹ́ẹ̀dì wọ̀lú, wọ́n máa ń fi kẹ̀kẹ́ há àárín ẹrù. Lára wọn lè jẹ́ ológeere onírin gidi tí ọjọ́ orí ẹ̀ bá ti Bàbá dọ́gba. Àwọn èèyàn wa tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń rí irú ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi ọjà àlòkù wá owó ṣàánú.

Ẹ wá gbọ́ o: ohun tí à ń gbé sórí ọmọlanke yìí, àwọn òyìnbó ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí ẹ̀. Láti ọdún 1955 ni Veteran-Cycle Club ti wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ àwọn tó ń wá kẹ̀kẹ́ àtijọ́ rí, tí wọ́n ń tún un ṣe, tí wọ́n ń kọ ìtàn rẹ̀. Láti 2009 sì ni àwọn kan ti ń wọ aṣọ ayé àtijọ́, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ àtijọ́ yí ìlú London po nínú ayẹyẹ tí wọ́n ń pè ní Tweed Run. Ohun tí ẹnì kan fi ń dáná, ẹlòmíì fi ń ṣe ọ̀ṣọ́.

Ṣùgbọ́n kí owó tó jáde lápò, ìbéèrè kan wà tó ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyẹn lọ: ta ló ni kẹ̀kẹ́ náà? Kẹ̀kẹ́ tó wà lẹ́yìnkùlé Bàbá tó ti kú, ogún ni. Kì í ṣe ti ọmọ tó ń gbé nílé nìkan, kì í ṣe ti ọmọ-ọmọ tó ń wá owó káàdì fóònù. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tó dé orí òkìtì irin, ọmọdé ló jí i gbé síbẹ̀ nígbà tí àgbà lọ sóko. Ẹni tó bá rà á láìbéèrè, ìjà ẹbí ló rà. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.

Nítorí náà, ẹ béèrè. Bó bá jẹ́ ilé ni, ẹ jẹ́ kí àgbà ilé gbọ́ sí i, kí àwọn ọmọ mọ̀, kí wọ́n kọ ìwé kékeré kan tí nọ́ńbà kẹ̀kẹ́ wà nínú ẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ oníkòǹdẹ́ẹ̀mù ni, ẹ bi í níbi tó ti rí i, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Bó bá sì jẹ́ kẹ̀kẹ́ bàbá tiyín ni, ẹ pe ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, kí ẹ jọ sọ ọ́ pé ẹnì kan ni yóò tún un ṣe, ṣùgbọ́n ti gbogbo ilé ni. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kọ́kọ́ sọ kì í dìjà lẹ́yìn.

ẸGUNGUN Ẹ̀ ŃKỌ́?

Ẹ má jẹ́ kí ìpẹtà dẹ́rù bà yín, ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀dà tuntun tàn yín jẹ. Egungun kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ wò. Ẹ dúró síwájú ẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn wà lórí ìlà kan. Bí ọ̀pá iwájú bá ti tẹ̀ sẹ́yìn, ó ti kọlu nǹkan rí nìyẹn. Ẹ wo oríkèé fírémù kọ̀ọ̀kan, níbi tí ọ̀pá ti wọ inú ara wọn. Bí irun sísán bá wà níbẹ̀, ó lè já mọ́ èèyàn nídìí. Ẹ fi ìka kan rímù yípo. Bó bá ti ń ya bí ìwé, ẹ máa wá rímù mìíràn.

Tí oríkèé bá sán, kì í ṣe gbogbo alájórin ni kí ẹ gbé e fún. Idẹ ni wọ́n fi so fírémù wọ̀nyí pọ̀ láti ilé iṣẹ́, ọ̀pá rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Ẹni tó bá fi iná mànàmáná tí wọ́n fi ń jó géètì jó o, á dá ihò sí i. Alájórin tó mọ̀ ọ́n fi gáàsì àti idẹ so irin ni kí ẹ wá.

TÍTÚ, FÍFỌ̀, TÍTÒ

Iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kò fẹ́ ìkánjú. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tá a bá fagbára mú ní í le koko. Kí ẹ tó fọwọ́ kan sípáná, ẹ da kẹrosíìnì tàbí ọ́ìlì sí gbogbo ìdí nọ́ọ̀tì, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jìnnà síná o! Lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa tú u, kí ẹ sì to gbogbo ẹ̀yà ara ẹ̀ sórí aṣọ bí wọ́n ṣe ń jáde.

Ibi mẹ́ta ló ti ń ba ẹni tí ò mọ̀ ọ́n jẹ́. Èkíní, pẹ́dà apá òsì. Òdì ló ń yí! Bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ ni wọ́n ń yí i kó tó tú. Ẹni tó bá fi agbára yí i bí nọ́ọ̀tì tó kù, ṣe ló ń dè é sí i.

Èkejì, pín tó di apá pẹ́dà mú mọ́ àárín. Ẹ má fi òòlù kékeré máa gbá a tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, orí ẹ̀ á tẹ̀, ó tán nìyẹn. Ẹ tú nọ́ọ̀tì rẹ̀ títí tí ojú nọ́ọ̀tì àti orí pín á fi dọ́gba, kí ẹ fi páìpù irin tó nípọn tàbí igi líle ti apá pẹ́dà náà láti ìsàlẹ̀ dé ilẹ̀, kí ẹ wá fi òòlù ńlá gbá a lẹ́ẹ̀kan gbòà. Bí ẹ bá ń dá a padà, ẹ jẹ́ kí pín ọ̀tún àti ti òsì dojú kọ ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ pẹ́dà méjèèjì kò ní wà lórí ìlà kan.

Ẹ̀kẹta, nọ́ọ̀tì Raleigh. Èyí ló ń da ọ̀pọ̀ oníkẹ̀kẹ́ láàmú. Ìlà tó wà lára nọ́ọ̀tì àárín Raleigh àti ti ọrùn rẹ̀ jẹ́ 26 nínú íńṣì kan, bẹ́ẹ̀ 24 ni ti ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ mìíràn. Ti kẹ̀kẹ́ mìíràn kò lè wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fipá wọ̀ ọ́ ti ba fírémù jẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, ẹ má sọ nọ́ọ̀tì àtijọ́ nù, kò sí bó ti lè dógùn-ún tó. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ tọ́jú ẹ̀ bí ẹyin.

Nínú àárín ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yí i, ẹ ó bá bọ́ọ̀lù irin wínníwínní, 11 lápá kan, 11 lápá kejì, ìdámẹ́rin íńṣì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tuntun kò wọ́n, ẹ pààrọ̀ wọn. Ẹ kó gíríìsì tuntun síbẹ̀, kí ẹ fi bọ́ọ̀lù gún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ọmọdé ti wúlò nìyí, nítorí ìka wọn kéré, ojú wọn sì mọ́. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Ẹ má ṣe fi epo pupa tàbí òróró ìdáná rọ́pò ọ́ìlì bó ti wù kó rí. Bó bá pẹ́, á di gọ́ọ̀mù.

Ìpẹtà ńkọ́? Fún irin tó ń dán, bíi ọwọ́ kẹ̀kẹ́ àti rímù, ẹ wá fọ́ìlì, kódà èyí tó wà nínú páálí sìgá, kí ẹ rẹ ẹ́ sómi, kí ẹ fi ra á. Á yà yín lẹ́nu bó ṣe máa mọ́. Fún èyí tó le díẹ̀, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kí ẹ fi í sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fọ̀ ọ́ kúrò, kí ẹ nù ún gbẹ kíá, kí ẹ fi ọ́ìlì pa á. Ọsàn tó bá pẹ́ lára irin, irin náà ló máa jẹ.

Síìtì aláwọ Brooks, bó bá ṣì wà, owó ńlá ni. Láti 1866 ni ilé iṣẹ́ yẹn ti wà, wọ́n sì ṣì ń ṣe síìtì. Ẹ má rẹ ẹ́ sómi, ẹ má rẹ ẹ́ sínú ọ́ìlì. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún, kí ẹ fi ìpara awọ díẹ̀ pa á lókè àti nísàlẹ̀. Bó bá ti dẹ̀, nọ́ọ̀tì kan wà lábẹ́ imú ẹ̀ tí wọ́n fi ń fà á le.

Tááyà ńkọ́? Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ lára ológeere àgbà ni 28 × 1½. Àwọn èèyàn ń rò pé kò sí mọ́. Ó wà! Ní Íńdíà àti Ṣáínà, wọn kò tíì dẹ́kun àtimáa lo irú kẹ̀kẹ́ yìí, tí wọ́n fi ń ṣe tááyà rẹ̀ títí dòní. Bí ẹ bá dọ́dọ̀ fokanáísà, ẹ sọ fún un kó rọra. Tááyà yìí kò fẹ́ ju nǹkan bí 45 lórí géèjì lọ. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń fẹ́ tááyà ọkọ̀ akẹ́rù lè bẹ́ ẹ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Bíréèkì rẹ̀ kì í ṣe ti wáyà. Ọ̀pá irin ló ń fà á sókè gbá inú rímù mọ́. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀, kí ẹ rí i pé méjèèjì ń mú dọ́gba. Ẹ sì rántí pé bí òjò bá rọ̀, rímù irin ń yọ̀, bíréèkì kì í tètè mú. Ẹni tó bá tún kẹ̀kẹ́ ṣe tán tó wá gbé e lọ sójú títì márosẹ̀ láàrin tírélà, ikú ló ń wá. Ọ̀nà inú ìlú àti ọ̀nà oko ni ilé rẹ̀.

Ẹ MÁ KÙN ÚN KÍÁ!

Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe nìyí. Wọ́n á ní kó lè dà bí tuntun, wọ́n á gbé e fún akunlé, á fi ọ̀dà géètì kùn ún látòkè délẹ̀. Ìlà wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fà sí i lára ní Nottingham, ó lọ! Orúkọ ilé iṣẹ́, ó lọ! Àmì tí Bàbá fúnra ẹ̀ kọ sí i, kó má baà pòórá lọ́jà, òun náà lọ! Ẹ fi omi ọṣẹ àti aṣọ rírọ̀ fọ̀ ọ́ ná. Lábẹ́ ìdọ̀tí ọdún pípẹ́, ọ̀dà dúdú àtijọ́ ṣì lè máa dán.

Ìdí kejì kan tún wà. Ọ̀dà àtijọ́ sábà máa ń ní òjé nínú, májèlé ni òjé, àgàgà fún ọmọdé. Ẹni tó bá ń fi sáńpépà gbígbẹ ha á, eruku rẹ̀ ló ń fà símú, òun náà ló sì ń balẹ̀ sí àgbàlá tí ọmọ ti ń rá. Bó bá di dandan láti ha ibì kan, ẹ fomi rin ín, ẹ lé ọmọdé jìnnà, kí ẹ sì kó ohun tó jábọ́ dànù dáadáa.

KÍ NI ÈRÈ IBẸ̀?

Ẹlòmíì á ní, "Gbogbo wàhálà yìí, kí ni mo máa rí níbẹ̀?" Ó dáa. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n tún ṣe á gbé yín lọ sóko, á gbé yín lọ kí ará Aṣípa àti ti Akinlàlú, kò sì ní béèrè epo bẹntiróòlù lọ́wọ́ yín. Lọ́jọ́ tí epo bá wọ́n, ẹni tó ń gun ológeere ló máa rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n èrè tó ju ìyẹn lọ wà. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ayé ọjọ́un kò kọ ìwé ìtàn ara wọn. Wọn kò fi fọ́tò púpọ̀ sílẹ̀. Ibi tí wọ́n lọ, ohun tí wọ́n gbé, ìyà tí wọ́n jẹ kí ọmọ tó di ẹni tó ń wọ bàtà, ara kẹ̀kẹ́ yẹn ni wọ́n kọ ọ́ sí: kárìá tó tẹ̀ nítorí àpò kòkó, rọ́bà pẹ́dà tó jẹ dànù lápá kan, okùn tí wọ́n fi so ìmọ́lẹ̀ iwájú mọ́lẹ̀. Bí ọmọ bá ń tú u, tí Màmá jókòó tì í, ọ̀rọ̀ á jáde lẹ́nu Màmá tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí. Ẹ̀rọ kékeré wà nínú fóònù báyìí tó ń gba ohùn sílẹ̀; ẹ tẹ̀ ẹ́ kó máa gbà á. Kẹ̀kẹ́ lè dúró de sípáná fún ọdún kan sí i. Màmá ò lè dúró títí láé.

Lọ́la, ọmọlanke á tún kọjá. "Ẹ káàárọ̀, Màmá. Irin tọ́jọ́sí ńkọ́, ṣé kí n gbé e?"

Kí Màmá ti ní ìdáhùn lẹ́nu:

"Irin kọ́ nìyẹn, ọmọ mi. Kẹ̀kẹ́ bàbá wọn ni. Tètè máa lọ, oòrùn ti ń mú."